Ẹlẹ́rìí Tí Wọ́n Gé Kúrò Nínú Fọ́tò

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Kétu ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ tí mo ṣe láyé mi, kí àwọn tó ń ro ohun tí wọn yóò kà ní yunifásítì lè rí nǹkan dì mú. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ kó dùn. Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Ó ti pẹ́ tó ti ń bí mi, mi ò sì rò pé yóò rọ̀ kí n tó kú, torí ẹni tó bí mi nínú kò tíì tọrọ àforíjì. Ẹni tó bá ń wá ìtàn dídùn, kó lọ bá àwọn tó ta ilẹ̀ di olówó.

Iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù ni mo ṣe. Ẹ́ńsáìmù ni àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké tó wà nínú gbogbo ohun abẹ̀mí. Wọ́n wà nínú itọ́ yín, àwọn ló ń jẹ́ kí búrẹ́dì máa dùn sí i lẹ́nu bí ẹ bá jẹ ẹ́ pẹ́. Àwọn kan wà nínú wọn tí iṣẹ́ wọn kò ju gígé lọ. Ohun tí wọ́n ń gé ni DNA, okùn tín-ínrín tí a kọ ìwà ohun abẹ̀mí sí: ti ewé, ti ẹja, ti ènìyàn. Ẹ́ńsáìmù tó dára á wá ibi tí wọ́n rán an lórí okùn náà, á gé e níbẹ̀, á sì fi ibi yòókù sílẹ̀. Èyí tí kò dára á gé ibi tí wọ́n rán an, á tún gé ibi tí ẹnikẹ́ni ò rán an. Gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi ni mo fi wá bí ẹ́ńsáìmù yóò ṣe máa jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an nìkan. Mo ti wá rí i pé ó rọrùn láti kọ́ ẹ́ńsáìmù níwà ju ká kọ́ ènìyàn lọ.

Bí mo ṣe ríṣẹ́ kò gba àlàyé. Mo kàwé, mo jáde, ilé ìwádìí ìjọba kan gbà mí. Owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan nígbà tí mo wọlé, kò sì tó nǹkan nígbà tí mo jáde. Ohun tó gba àlàyé ni ẹni tí mo bá níbẹ̀.

Ìyáàfin Bámgbálà ni ọ̀gá mi àkọ́kọ́. Obìnrin kúkúrú ni wọ́n, wọ́n máa ń wọ súwẹ́tà nínú ooru Èkó, torí inú yàrá tútù ni wọ́n ń gbé láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́. Ìgbà yẹn, ẹ́ńsáìmù kì í wá láti òkè òkun nínú páálí kékeré bí ó ti ń wá báyìí. Àwa fúnra wa là ń yọ ọ́. A ó gbin bakitéríà sínú ìgò ńláńlá, a ó lọ̀ ọ́ mọ́ iyanrìn dídán nínú odó kékeré, eyín wa á máa gbá ara wọn nínú òtútù. Ẹnu la fi ń fa omi sínú ọ̀pá gíláàsì. Ọ̀kan fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, àpá rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ọwọ́ ọ̀tún mi, ó gùn, ó sì tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń kán, Ìyáàfin Bámgbálà kò kọ́kọ́ wo ọwọ́ mi. Ìgò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni wọ́n wò.

“Ṣé ẹ́ńsáìmù wà lórí yìnyín?”

“Ó wà níbẹ̀, mà.”

“Ó dáa. Wá, jẹ́ kí n di ọwọ́ ẹ.”

Bí o bá gbé ẹ́ńsáìmù kúrò lórí yìnyín tí o sì ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, wọ́n á wá dúró tì ọ́. “Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, ṣé wàá tẹ́ ẹ sínú oòrùn kí o máa tàkúrọ̀sọ?” Ìwọ á ní rárá, mà. “Èyí ò tíì tó ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.” Wọn kì í pariwo. Ì bá sàn ká ní wọ́n ń pariwo.

Ohun kan wà tí wọ́n kọ́ mi tó ju gbogbo ìyókù lọ. Bí a bá fẹ́ dán ẹ́ńsáìmù wò, a ó to àwọn ìgò tín-ínrín. A ó fi DNA tó ní ibi tó yẹ ní gígé sínú púpọ̀ nínú wọn. Ọ̀kan nìkan ni a ó fi DNA tí kò ní ibi náà rárá sí, a ó sì kán ẹ́ńsáìmù sínú gbogbo wọn. Ẹ́ńsáìmù kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìyẹn. Lẹ́yìn náà a ó da gbogbo rẹ̀ sórí jẹ́ẹ̀lì, ohun kan tó dì bí ẹ̀kọ tútù, iná mànàmáná á fà á, a ó sì ya fọ́tò rẹ̀. Èyí tí ẹ́ńsáìmù gé á pín sí ìlà méjì, èyí tí kò gé á dúró ní ìlà kan. Àwọn tó kọ ìwé ń pe ìgò tí kò gbọdọ̀ gé yẹn ní kọ́ńtróòlù. Ìyáàfin Bámgbálà ń pè é ní ẹlẹ́rìí. Òfin wọn ni pé ẹlẹ́rìí ni yóò dúró ní ìparí ọwọ́ ọ̀tún nínú gbogbo fọ́tò. Tó bá dákẹ́, iṣẹ́ rẹ dára. Tó bá sọ̀rọ̀, ẹjọ́ rẹ ti bàjẹ́, bó ti wù kí ìyókù dùn tó.

Mo rí ọjọ́ tí ó sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ wọn fúnra wọn ni, ẹ́ńsáìmù kan tí wọ́n ti ń yọ láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ títí tó fi dá. Fọ́tò náà dára, gbogbo ìlà pín bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ní ìparí ọ̀tún, nísàlẹ̀ ìlà ẹlẹ́rìí, eruku funfun kékeré kan wà, bíi èémí lára gíláàsì. Ọ̀gbẹ́ni kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní, “Màdáàmù, èyí mà kéré. Ta ló máa rí i?”

Ìyáàfin Bámgbálà wò ó. “Ìwọ ti rí i. Èmi náà ti rí i. Ta ló tún kù?”

Wọ́n mú ìgò náà, wọ́n dà á sínú síǹkì, wọ́n ṣí omi lé e lórí. Lẹ́yìn náà wọ́n bọ́ súwẹ́tà wọn, wọ́n lọ jẹun. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ẹ ò bá lè da iṣẹ́ oṣù tí ẹ ṣe sínú síǹkì kí ẹ sì lọ jẹun, ẹ lọ kọ́ iṣẹ́ mìíràn.

Wọ́n kú kí n tó kúrò níbẹ̀. Nǹkan sì yí padà. Ọ̀pá tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ dé, a kò fi ẹnu fa nǹkan mọ́. Ẹ̀rọ dé tó lè sọ ẹyọ DNA kan di ọ̀kẹ́ àìmọye kí o tó jẹun ọ̀sán tán. Kọ̀ǹpútà dé. Èmi kì í ṣe arúgbó tó ń bú ohun tuntun. Mo kọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n lò ju àwọn tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ. Ohun kan ṣoṣo ni n kò fẹ́ràn nínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí fọ́tò wà lórí bébà, ẹni tó bá fẹ́ gé ẹlẹ́rìí kúrò ní láti wá àlùmọ́gàjí, á sì gbọ́ ìró ohun tó ń ṣe. Kọ̀ǹpútà kì í ní ìró.

Àárín ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ di ohun tí gbogbo èèyàn ń ní lọ́wọ́ ni Dókítà Gbádébọ̀ wá mi wá sí Kétu. Ó ti òkè òkun dé, ó kọ́lé sí Magodo, ó sì háyà òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìkòsí láti fi ṣe láàbù. Mo fi ọdún púpọ̀ jù ú lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú pálọ̀ mi, kó tó wá jókòó.

“Mọ́mì, ṣé ẹ ti rí tòmátì tó ń jẹrà ní Mile 12?”

“Kétu ni mò ń gbé. Imú mi ti rí i kí ojú mi tó rí i.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Láti òkè ọya ni wọ́n ti ń kó o bọ̀. Kó tó dé ibí, ó ti di omi nínú apẹ̀rẹ̀. Mọ́mì, jíìnì kan, abala kan lára DNA rẹ̀, ló ń jẹ́ kó rọ̀. Tá a bá gé jíìnì yẹn, á dé bó ṣe kúrò lóko.”

“Kí lẹ fẹ́ fi gé e?”

“Ìdí tí mo fi wá bá yín nìyẹn, mà. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ ẹ́ńsáìmù tó yín.”

Mo gbà á gbọ́. Èrò náà dára, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Alhaja Sídíkátù, tí a jọ ń gbé ojúlé sí ojúlé, tó sì ti ń ta tòmátì ní Mile 12 kí n tó mọ̀ ọ́n, gbọ́ ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe, ó pàtẹ́wọ́. “Mọ́mì Akíndélé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣe é o. Ó ti sú mi kí n máa fi omi tòmátì fọ ẹsẹ̀.”

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí a ṣe, torí òun ni ìdí ìjà. Ẹ́ńsáìmù tí a lò kì í ṣe ọ̀kan, méjì ni: apá òsì àti apá ọ̀tún. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìka tó fi ń di DNA mú níbi tí a kọ́ ọ sí, ó sì gbé ìlàjì ọ̀bẹ kan dání. Ìlàjì ọ̀bẹ kò lè gé nǹkan. Àfi kí òsì àti ọ̀tún pàdé, kí ìlàjì méjèèjì so pọ̀. Ẹ wò ó bí àpótí owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ní àgádágodo méjì: kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́ akápò, èkejì lọ́wọ́ akọ̀wé. Bí àwọn méjèèjì ò bá wá, kò ní ṣí.

Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n ó ní àléébù. Ìlàjì ọ̀bẹ méjèèjì rí bákan náà. Òsì lè so mọ́ òsì mìíràn, ọ̀tún lè so mọ́ ọ̀tún mìíràn, bí ìgbà tí akápò lọ ṣe ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tó sì rí i pé ó ń ṣí àgádágodo kejì. Kò nílò akọ̀wé mọ́. Báyìí ni ẹ́ńsáìmù yẹn ṣe ń gé DNA tòmátì níbi tí a kò rán an.

Rónkẹ́ ló kọ́kọ́ rí i. Ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè kejì ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kì í fi ọ̀rọ̀ yìnyín ṣe àpárá. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe kọ́ mi, títí kan ẹlẹ́rìí ní ìparí ọ̀tún. Ọjọ́ náà ó di fọ́tò jẹ́ẹ̀lì mú, ó ń bọ̀ wá bá mi.

“Mọ́mì, ẹlẹ́rìí yín ti ń rojọ́ o.”

“Kí ló ní?”

“Ó ní àwọn èèyàn yín ti wọ ilé onílé.”

A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé iṣẹ́ ti dé. Mo ní kí a yí ojú ibi tí ìlàjì ọ̀bẹ ti ń so pọ̀ padà, kí ti òsì yọ gọ́ńgọ́, kí ti ọ̀tún sì jin bí ihò tí gọ́ńgọ́ náà á wọ̀. Òsì kò ní lè so mọ́ òsì mọ́, gọ́ńgọ́ kò wọ inú gọ́ńgọ́. Mo mọ̀ pé àwọn tó wà lókè òkun náà ń ronú irú rẹ̀. Mi ò sọ pé èmi ni mo dá ayé. Ṣùgbọ́n nínú ilé yẹn ní Ìkòsí, orí mi ló ti jáde, ọwọ́ mi ló sì ṣe é. Ó pẹ́. Èyí tí a kọ́kọ́ yí padà kọ̀ láti so mọ́ ohunkóhun. Èyí tó tẹ̀ lé e so, ṣùgbọ́n kò gé. Jẹnẹrétọ̀ kú, a tún bẹ̀rẹ̀. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ tó ń yí ìgò bírí já, èmi fúnra mi ni mo lọ wá òmíràn ní Owódé Onírin. Nígbà tó yá, a rí ọ̀kan tó gé ibi tó yẹ. Mo wo ìparí ọ̀tún. Ẹlẹ́rìí dákẹ́ bí òkúta.

Rónkẹ́ fò sókè. Dókítà Gbádébọ̀ ti ọ́fíìsì rẹ̀ jáde, ó gbé kámẹ́rà wá, ó ní kí ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ bá wa ya fọ́tò. Òun dúró sí apá òsì, Rónkẹ́ sí àárín. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ wá sáàárín.” Mo ní rárá, ẹlẹ́rìí ló ń dúró ní ìparí ọ̀tún. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún mi lé èjìká Rónkẹ́. Ẹ fi fọ́tò yẹn sọ́kàn.

Ìjà bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹ́ńsáìmù tuntun mọ́, ṣùgbọ́n kò lágbára tó ti àtijọ́. Nínú tòmátì púpọ̀ tí a fi í sí, díẹ̀ ló gé.

“Mọ́mì, èyí ò gé dáadáa.”

“Ó gé ibi tó yẹ.”

“Díẹ̀ ló gé. Ti tẹ́lẹ̀ gé púpọ̀.”

“Ti tẹ́lẹ̀ gé ohun tí kò yẹ mọ́ ọn. Ẹ fún mi láàyè, ó máa lágbára.”

“Àwọn ilé iṣẹ́ irúgbìn ń bọ̀ wá wò wá, mà. Kò sí àyè. Wọn ò sì ní wo ibi tí kò yẹ.”

“Tòmátì máa wò ó.”

Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń rọ ọmọdé. “Ẹ ti ń ṣàníyàn jù, Mọ́mì. Ẹ lọ sinmi.”

Lẹ́yìn mi, ó pàṣẹ pé kí wọ́n fi ẹ́ńsáìmù àtijọ́ ṣe irúgbìn tí àlejò máa rí. Wọ́n gbìn ín sí ilé àwọ̀n tó wà lórí òrùlé. Mi ò mọ̀ títí èso fi pọ́n. Òótọ́ ni, èso náà le. O lè gbé e sórí tábìlì títí yóò fi sú ọ, kò ní rọ̀. Dókítà ń jù ú sókè, ó ń fi ọwọ́ gbà á bíi bọ́ọ̀lù. Èmi ò bá a ṣeré. Mo yọ hóró inú rẹ̀, mo gbìn ín sínú páànù. Wọ́n hù. Funfun ni wọ́n hù. Kì í ṣe àwọ̀ ewé tó ṣá, funfun gbòò bí òwú ni. Wọ́n dúró fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì kú sórí iyẹ̀pẹ̀ náà. Ọ̀bẹ tí òsì so mọ́ òsì ti lọ gé ohun tó ń fún ewé ní àwọ̀ rẹ̀. Irúgbìn yẹn gan-an ni ó fẹ́ fún àlejò kí wọ́n kó fún àgbẹ̀.

Mo mú páànù náà lọ bá a. “Ẹ wo ọmọ tí tòmátì yín bí.”

Ó wò ó pẹ́. Ó ní, “Ó lè jẹ́ iyẹ̀pẹ̀ ni. Mọ́mì, ẹ fi í síbẹ̀. Mo máa wò ó sí i.”

Mo fi í síbẹ̀. Mo rò pé ẹni tó kàwé tó bẹ́ẹ̀, bó bá ti rí nǹkan, ó ti rí i nìyẹn.

Ọjọ́ tí àlejò dé, wọ́n pọ̀, wọ́n wọ kóòtù. Dókítà gbé fọ́tò jẹ́ẹ̀lì sórí ògiri pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń tan iná sí i. Fọ́tò náà mọ́. Ó mọ́ jù. Mo fi ojú tọ ìlà rẹ̀ láti òsì dé ọ̀tún. Ibi tó yẹ kí ẹlẹ́rìí wà, ògiri lásán ni mo rí.

Bàbá kan wà láàárín àlejò, ó ti hu ewú, awò ojú rẹ̀ wà nímú. Òun náà ń wá ohun tí mò ń wá. “Dókítà, kọ́ńtróòlù yín dà?”

Dókítà Gbádébọ̀ kò tilẹ̀ gbọ̀n. Ó yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Mọ́mì wa ló ń bójú tó ìyẹn, sà. Ẹ mọ̀ pé àgbà ti dé sí wọn. Ó ní láti jẹ́ pé wọ́n gbàgbé láti fi í sí i.”

Mo dìde. “Mi ò gbàgbé nǹkan kan. Ẹlẹ́rìí wà nínú fọ́tò yẹn nígbà tí a yà á, ẹnì kan ló gé e kúrò, torí ohun tó ń sọ kò dára. Sà, ẹ má gba irúgbìn yẹn. Ẹ má jẹ́ kí àgbẹ̀ kankan gbìn ín. Ọmọ rẹ̀ ń hù ní funfun, ó sì ń kú.”

“Mọ́mì, ẹ jókòó.”

“Ẹ jẹ́ ká gòkè lọ wò ó. Páànù rẹ̀ wà nílé àwọ̀n.”

Bàbá yẹn ní ká lọ. A gun òkè. Páànù wà níbẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, ó ń dán nínú oòrùn, kò sí eruku iyẹ̀pẹ̀ kan nínú rẹ̀.

Mo ní, “Ẹ bi Rónkẹ́. Òun ló wà nídìí kọ̀ǹpútà. Ó mọ̀ pé ẹlẹ́rìí wà nínú fọ́tò.”

Gbogbo ojú yí sí i. Ọmọ tí mo kọ́. Ó wo bàtà rẹ̀. Ó ní, “Mi ò mọ̀ nípa ẹ̀, sà.”

Ìgbà yẹn ni Dókítà sọ ọ́, níwájú àlejò, níwájú ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀: “Obìnrin yìí, dákẹ́ ẹnu ẹ! Ìwọ ni wàá ba ohun tí mo fi ayé mi kọ́ jẹ́?” Ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú pálọ̀ mi.

Àlejò lọ. Wọn ò gbé irúgbìn kankan. Àgbẹ̀ kankan ò gbin ikú yẹn, èmi ni mo sì jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹnì kankan ò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ gbé páálí ẹrù mi wá sí Kétu, kò lè wojú mi.

Ẹ má rò pé bíbọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ló dùn mí. Mo ti dàgbà, mo lè jókòó sílé. Orúkọ mi ni wọ́n mú. Ibikíbi tí wọ́n bá ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Èkó, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú mi débẹ̀: “Ṣé Mọ́mì tó máa ń gbàgbé yẹn?” Wọn ò jẹ́ kí n kọ́ ọmọ kankan mọ́. Lọ́jọ́ kan mo ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, Alhaja Sídíkátù dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

“Mọ́mì Akíndélé, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ba iṣẹ́ tòmátì wa jẹ́. Ṣé lóòótọ́ ni?”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Dókítà fúnra ẹ̀ ni. Ó wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ wa. Ó ní ọjọ́ orí ti dà yín láàmú.”

Kí ni mo fẹ́ sọ? Kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé gọ́ńgọ́ àti ihò lẹ́nu ọ̀nà? Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn.

Ọdún gorí ọdún. Mo gbọ́ pé Dókítà ń lọ sípàdé lókè òkun, ó ń ṣàlàyé ẹ́ńsáìmù kan tí òsì rẹ̀ kì í so mọ́ òsì. Gọ́ńgọ́ mi. Ihò mi. Orúkọ rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀, àti ti Rónkẹ́. Ó wá kọ́ láàbù tuntun sí Gbàgádà, Rónkẹ́ ni ó fi ṣe olórí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣí i ni Rónkẹ́ wá sílé mi. Ó kúnlẹ̀, ó gbé apẹ̀rẹ̀ ọsàn kan kalẹ̀.

“Mọ́mì, Ọ̀gá ní kẹ́ ẹ wá. Wọ́n ní ká jẹ́ kí ohun tó ti kọjá kọjá.”

“Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, Rónkẹ́. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé.”

Ó sunkún. Mi ò ní kó má sunkún. Mo ní, “Dìde, o ti gbọ́ mi. Mo máa wá.” Mo lọ torí mo fẹ́ rí ojú wọn.

Ilé náà dára. Gbogbo nǹkan ń tàn, òtútù ẹ̀rọ gbá mi lójú, mo rántí súwẹ́tà Ìyáàfin Bámgbálà. Ní ọ̀nà àbáwọlé, wọ́n gbé fọ́tò ńlá kan kọ́ sára ògiri, wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ibí ni a ti bẹ̀rẹ̀. Mo súnmọ́ ọn. Dókítà Gbádébọ̀ wà níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Rónkẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fọ́tò sì parí síbẹ̀. Wọ́n ti gé mi kúrò.

Ṣùgbọ́n wọn ò gé e dáadáa. Ọwọ́ kan wà léjìká Rónkẹ́ nínú fọ́tò náà, ọwọ́ lásán tí kò ní ara. Wọ́n ti sọ fọ́tò yẹn di ńlá tó bẹ́ẹ̀ tí àpá ẹ̀yìn rẹ̀ fi hàn gbangba, ó gùn, ó tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja.

Ẹ̀rín pa mí. Ẹ̀rín ìbínú, ṣùgbọ́n mo rín in sókè, àwọn àlejò yíjú. Bàbá aláwò ojú tó béèrè kọ́ńtróòlù lọ́jọ́sí wà láàárín wọn, ewú rẹ̀ ti pọ̀ sí i. Mo pe Dókítà. “Ọ̀gá, ẹ bá mi wá wo nǹkan. Ọwọ́ ta rèé?”

Ó yára rìn wá. “Àá, Mọ́mì, ẹ káàbọ̀! Ẹni tó bá wa ṣe férémù ló gé e bẹ́ẹ̀.”

“Mi ò bi yín léèrè ẹni tó gé e. Ẹni tó ni ọwọ́ ni mò ń béèrè.”

Mo yíjú sí Rónkẹ́. “Ìwọ ńkọ́? Èjìká tìẹ ló wà. Ọwọ́ ta ni?”

Ó wo bàtà rẹ̀, bíi ti ọjọ́ tí àlejò wá. Mo ti yí padà kí n máa lọ nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

“Ọwọ́ Mọ́mì Akíndélé ni.”

“Rónkẹ́,” Dókítà ní.

Kò dúró. “Àwọn ló yí ojú ọ̀bẹ náà padà. Ohun tá a fi kọ́ ilé yìí, àwọn ló ṣe é. Wọn ò gbàgbé kọ́ńtróòlù rí. Ó wà nínú fọ́tò ọjọ́ yẹn, ó sì burú. Ọ̀gá ní kí n gé e, èmi ni mo gé e. Èmi náà ni mo fọ páànù.”

Bàbá aláwò ojú bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú, ó wo Dókítà Gbádébọ̀ bí ẹni tó ń wo ìparí ọ̀tún. Mi ò dúró gbọ́ ìyókù. Mo bọ́ sóde, mo wọ ọkọ̀ lọ sílé.

Ẹ ó ní ṣé mo ti dárí ji Rónkẹ́. Rárá. Ẹlẹ́rìí tó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ó jẹ mí ní gbèsè gbogbo ọdún tó fi dákẹ́, àwọn ọdún tí ǹ bá fi kọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà dé ọjà, Alhaja Sídíkátù ti wá bẹ̀ mí, àwọn ọmọ yunifásítì kan sì ti ń wá jókòó lọ́dọ̀ mi nísinsìnyí, mò ń kọ́ wọn. Ìyẹn ni mo fi gbà láti kọ ìwé yìí.

Rónkẹ́ pè mí lórí fóònù lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ó ti ń wá iṣẹ́ mìíràn. “Mọ́mì, Ọ̀gá ti ní kí wọ́n yọ fọ́tò yẹn.”

“Ṣé wọ́n yọ ọ́ tán?”

“Wọ́n yọ ọ́, mà. Àmọ́ wọ́n gbàgbé ìṣó rẹ̀ sára ògiri. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń béèrè ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.”

Mo ní, “Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n gé, báwo ló ṣe máa mọ̀ ọ́n yọ?”